Ẹ Má Ju Ìwé Ìbánigbófò Àtijọ́ Nù

ẸKỌ́ FÚN ÌDÍLÉ ÀTI FÚN ONÍṢÒWÒ KÉKERÉ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní páálí ìwé kan lábẹ́ àtẹ̀gùn tàbí nínú yàrá abẹ́ ilé. Rìsíìtì wà níbẹ̀, ìwé báńkì wà níbẹ̀, ìwé ìbánigbófò tó ti parí láti ọjọ́ pípẹ́ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí a bá ń palẹ̀ ilé mọ́, páálí yẹn la máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Kí ẹ tó dà á nù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí tán.

Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí: ìwé ìbánigbófò tí ọdún rẹ̀ ti parí lè ṣì máa dáhùn fún ohun tó bàjẹ́ nígbà tí ìwé náà wà láàyè. Bí ilẹ̀ bá bàjẹ́ nítorí epo tàbí kẹ́míkà, irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ owó kan ṣoṣo tó kù tí wọn yóò fi tún un ṣe.

ÀPÈJÚWE KAN

Ká ní tọkọtaya kan wá láti Ìbàdàn. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n ń dá owó jọ. Wọ́n wá ra ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan pẹ̀lú ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ti ń fi kẹ́míkà fọ kóòtù àti súùtù. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n fẹ́ yá owó lórí ilé náà kí ọmọ wọn lè lọ sí yunifásítì. Báńkì ní kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò ná. Wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n gbé iyẹ̀pẹ̀ àti omi lọ sí láàbù. Èsì dé: kẹ́míkà ìfọṣọ ti dé inú omi abẹ́ ilẹ̀, ó sì ti ń rìn lọ sábẹ́ ilé aládùúgbò. Owó tí wọn yóò fi tún un ṣe ju iye tí wọ́n fi ra ṣọ́ọ̀bù lọ.

Kì í ṣe àwọn ló da kẹ́míkà náà sílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ló ti ń kán sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ wọn ló wà lórí ilẹ̀ báyìí.

Àpèjúwe ni o, a ò bá ẹnì kankan wí. Àmọ́ àwa tí a ń ra ilé epo, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ àti ilé ìkẹ́rùsí tí a fẹ́ sọ di ilé ìjọsìn, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Kẹ́míkà ìfọṣọ yẹn wúwo ju omi lọ. Bó bá kán sílẹ̀, ńṣe ló máa ń rì lọ sísàlẹ̀, atẹ́gùn rẹ̀ sì lè gòkè padà wọ inú ilé. Ojú kò ní rí i, ó sì lè má rùn.

TA NI ÒFIN Ń MÚ?

Òfin àyíká Alberta, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1993, sọ pé ẹni tó ba àyíká jẹ́ ni kó tún un ṣe. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àwọ̀n òfin náà fẹ̀. Ó lè mú ẹni tó ni kẹ́míkà náà, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, àti ẹni tó ń ṣàkóso rẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ pàápàá lè bá ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú wa níbí. Ilé-iṣẹ́ Imperial Oil fọ epo ní Ogden, ní gúúsù ìlà-oòrùn Calgary, láti 1923 títí di 1975. Nígbà tí wọ́n wó o tán, wọ́n kọ́ ilé gbígbé sí apá kan ilẹ̀ náà, wọ́n sì pè é ní Lynnview Ridge. Àwọn ìdílé kó wọlé, wọ́n gbin ewébẹ̀, àwọn ọmọ ń ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀. Ní 2001, ọ̀rọ̀ tú síta pé òjé àti ìdọ̀tí epo wà nínú ilẹ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká ní Alberta pàṣẹ fún Imperial Oil àti ilé-iṣẹ́ Devon Estates pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, àṣẹ náà kò yẹ̀. Níkẹyìn, Imperial ra ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà padà, wọ́n sì wó wọn.

Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Kánádà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Lévis ní Quebec. Wọ́n ní ìlànà pé kí ẹni tó bàjẹ́ san owó rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ nínú òfin orílẹ̀-èdè yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: Imperial ní owó. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tó bàjẹ́ kò bá ní owó, tàbí tó bá ti kú, tàbí tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá ti pa rẹ́? Ní etí odò Bow, ní ìwọ̀-oòrùn àárín ìlú, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Canada Creosote ṣiṣẹ́ láti 1924 sí 1962. Igi òpó àti igi ojú irin ni wọ́n ń rì sínú creosote, oje dúdú tí kì í jẹ́ kí igi jẹrà. Ilé-iṣẹ́ náà ti lọ tipẹ́, oje náà kò lọ. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n ní láti kọ́ ògiri sínú ilẹ̀ kó má bàa máa jò wọ odò. Nígbà tí wọ́n dá a lábàá ní 2015 pé kí wọ́n kọ́ pápá ìṣeré síbẹ̀, ìbéèrè àtijọ́ náà ló tún dìde: ta ni yóò san owó ìtọ́jú ilẹ̀?

Ìbéèrè yẹn ló gbé wa dé ìdí ìwé ìbánigbófò.

KÍ NI ÌBÁNIGBÓFÒ Ẹ̀BI?

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la lè má rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Oníṣòwò tó ń dá owó ìbánigbófò lọ́dọọdún, èyí tí àwa ń pè ní ìnṣọ́ránsì, nítorí ọ̀la ló ṣe ń dá a.

Ìbánigbófò oríṣiríṣi ló wà. Èyí tí a ń sọ níbí kì í ṣe ti iná tàbí ti olè. Ti ẹ̀bi ni: èyí tó ń gba oníṣòwò sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ba ara ẹlòmíràn tàbí ohun ìní ẹlòmíràn jẹ́. Ìlérí méjì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ìkíní, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò yóò gba lọ́yà fún un. Ìkejì, wọn yóò san owó ẹ̀bi náà títí dé iye tí ìwé sọ.

Ẹ wá fara balẹ̀ síbí yìí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ ìwé yìí.

Ọ̀nà kìíní ń wo ọdún tí ìbàjẹ́ ṣẹlẹ̀. Bí ìbàjẹ́ bá wáyé ní 1976, ìwé ọdún 1976 ni yóò dáhùn, ì báà jẹ́ lónìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ọ̀nà kejì ń wo ọdún tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ wá béèrè owó. Bí ọdún ìwé yẹn bá ti kọjá, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó parí nìyẹn.

Ẹ fi ọ̀nà kìíní wé ọlọ́dẹ. Bí ẹ bá gba ọlọ́dẹ fún ọdún 1976, tí ẹ wá mọ̀ lónìí pé olè wọlé ní 1976, ọlọ́dẹ ọdún yẹn lẹ máa bi, ẹ ò ní bi ọlọ́dẹ tòní. Ọ̀nà kìíní yìí ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ ìwé ìbánigbófò ẹ̀bi fún oníṣòwò láyé àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ fi lè níye lórí ju èyí tó ń dán lọ.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ ÌWÉ ÀTIJỌ́?

Láyé àtijọ́, ìwé ìbánigbófò oníṣòwò kò mẹ́nu kan ìdọ̀tí kẹ́míkà. Ẹ̀bi ni ẹ̀bi. Ní Amẹ́ríkà, ní 1973, wọ́n fi gbólóhùn kan kún un pé àwọn kò ní san owó ìdọ̀tí àyàfi bó bá jẹ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ lójijì, tí kò sì sẹ́ni tó retí rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1986, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pátápátá: kò sí owó fún ìdọ̀tí mọ́. Kánádà náà gba ọ̀nà yẹn lọ ní àárín àwọn ọdún 1980. Nítorí náà, bí kẹ́míkà bá ti ń kán sílẹ̀ láti 1968 di 1990, ìwé ọdún 1968 lè wúlò, kí ti 1990 má wúlò rárá.

Ọ̀rọ̀ lójijì yẹn ti dá ẹjọ́ rẹpẹtẹ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní ìlà-oòrùn Calgary á rántí ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1999, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Hub Oil tó ń tún epo lílò ṣe bú gbàù, tí òṣìṣẹ́ méjì sì kú. Ìyẹn ni lójijì. Creosote tó ń jò díẹ̀díẹ̀ fún ọdún méjìdínlógójì ńkọ́? Lọ́yà ẹni yóò sọ bákan, lọ́yà ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò yóò sọ òmíràn.

Ibi tí èèyàn wà náà ń yí ìdájọ́ padà. Ẹ wo ilé epo méjì. Ní Indiana ní Amẹ́ríkà, epo jò láti inú táǹkì abẹ́ ilẹ̀. Ní 1996, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà sọ nínú ẹjọ́ Kiger pé gbólóhùn tí wọ́n fi yọ ìdọ̀tí kúrò kò yé èèyàn dáadáa, torí náà kí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò dáhùn. Ní Ontario, epo jò láti ilé epo kan wọ ilẹ̀ aládùúgbò. Ní 2011, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ibẹ̀ sọ nínú ẹjọ́ Miracle pé gbólóhùn náà yé, kò sí owó. Ìdájọ́ Ontario kò de Alberta mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ níbí máa ń wò ó. Ẹ ò rí i pé ìwé tí kò ní gbólóhùn yẹn nínú rárá, ìyẹn ìwé àtijọ́, ló dùn ún gbé dé kóòtù jù.

Ní California, ní 1995, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà sọ nínú ẹjọ́ Montrose Chemical pé bí ìbàjẹ́ bá ń bá a lọ lọ́dọọdún, ìwé ọdún kọ̀ọ̀kan tó wà nígbà náà lè dáhùn. Ìjọba California pàápàá lo ọgbọ́n yìí. Wọ́n ti ní ibi ìdakẹ́míkànù kan tó ń jẹ́ Stringfellow ní Riverside, tí wọ́n ṣí ní 1956, tí wọ́n sì tì ní 1972. Ìjọba fi ìwé ìbánigbófò tiwọn ti ìgbà yẹn lé àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò lọ sí kóòtù, wọ́n sì jàre ní 2012.

Ẹni tó bá rò pé àlá là ń lá, kó bi Lloyd's ti Lọ́ńdọ̀nù. Gbèsè orí ìwé àtijọ́, nítorí asbestos àti ìdọ̀tí àyíká ní Amẹ́ríkà, fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ọjà ìbánigbófò ńlá yẹn. Ní 1996 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Equitas sílẹ̀ kó lè ru gbèsè ìwé ọdún 1992 àti gbogbo ọdún tó ṣáájú rẹ̀.

OHUN TÍ ÌWÉ ÀTIJỌ́ KÒ LÈ ṢE

A ò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìwé àtijọ́ ní ààlà.

1. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ló ni ín. Bí ẹ bá ra ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti gbèsè rẹ̀, ìwé ilé-iṣẹ́ náà bá a lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀rọ àti ilẹ̀ nìkan lẹ rà, ìwé náà ṣì jẹ́ ti ẹni àkọ́kọ́. Òun lẹ máa pè lẹ́jọ́, kí ìwé rẹ̀ wá gbà á sílẹ̀. Bí ẹ bá jàre, tí kò sì rí owó san, òfin Alberta jẹ́ kí ẹ lè lépa ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò rẹ̀ tààrà.

2. Kì í san owó ohun tó jẹ́ ti ẹni náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀bi sí ẹlòmíràn ló wà fún. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní Alberta, ìjọba ló ni omi, títí kan omi abẹ́ ilẹ̀ yín. Ibẹ̀ ni lọ́yà tó gbọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

3. Kì í san owó ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ẹni tó ń da epo dúdú sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lóru, tó sì mọ ohun tó ń ṣe, kó má retí àánú.

4. Ó ní iye tí kò lè kọjá. Dọ́là ọdún 1972 ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í wú. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí èèyàn rí ìwé ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe ẹyọ kan.

BÍ A ṢE Ń WÁ ÌWÉ TÓ TI SỌNÙ

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan sọ èyí di iṣẹ́ òòjọ́ láti àwọn ọdún 1980: wíwá ìwé ìbánigbófò àtijọ́ bí ẹni ń hú ìkòkò ayé ijọ́un. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju agbára wa lọ. Bí ìwé gan-an bá sọnù, ilé ẹjọ́ lè gba ẹ̀rí míì pé ó wà rí. Orúkọ ilé-iṣẹ́, ọdún àti nọ́ńbà ìwé ni kí ẹ máa wá ní àwọn ibi wọ̀nyí:

- Ilé ẹni tó ni iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, tàbí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ bó bá ti kú. Ẹ lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má lọ pẹ̀lú ìjà.
- Ìwé akáúńtáǹtì àti ṣẹ́ẹ̀kì àtijọ́. Ìlà kan péré tó sọ pé wọ́n san owó fún ilé-iṣẹ́ báyìí lọ́dún báyìí lè ṣí ilẹ̀kùn.
- Ọ̀dọ̀ onílé. Ìwé àdéhùn háyà sábà máa ń béèrè pé kí ayálégbé fi ẹ̀rí ìbánigbófò hàn.
- Báńkì tó yá wọn lówó, àti lọ́yà tó ṣe ìwé ilẹ̀.
- Alágbàtà ìbánigbófò tó bá wọn ṣe é. Bó bá ti kógbá wọlé, ẹ béèrè ẹni tó ra fáìlì rẹ̀.
- Ìjọba ìlú tàbí àjọ ilé ẹ̀kọ́, bí oníṣòwò náà bá ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn rí.

Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò náà bá ti yí padà, ẹ má rẹ̀wẹ̀sì. Ọ̀pọ̀ ló ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá gba ogún sábà máa ń gba gbèsè mọ́ ọn.

KÍ Ẹ TÓ RA ILẸ̀ TÀBÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Ẹ béèrè ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé Henderson, tó ń to orúkọ oníṣòwò ní àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún láyé àtijọ́, wà ní ilé ìkàwé ìlú Calgary. Ìjọba Alberta ní àkójọ ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ESAR, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá àdírẹ́ẹ̀sì náà níbẹ̀. Ẹ gba ẹni tó mọṣẹ́ láti ṣe àyẹ̀wò ìtàn ilẹ̀ náà, kó sì gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ bí ìtàn bá mú ìfura dání.

Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó ń tà yóò fún yín ní ẹ̀dà gbogbo ìwé ìbánigbófò ẹ̀bi tó ti ní rí. Bákan náà ni kí ẹ̀yin tí ẹ ní iṣẹ́ tiyín lónìí máa tọ́jú tiyín. Gbogbo ọdún, gbogbo ojú ìwé. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

BÍ Ọ̀RÀN BÁ TI ṢẸLẸ̀

Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀. Òfin Alberta ní kí wọ́n fi tó ìjọba létí bí ohun tó lè pa èèyàn tàbí àyíká lára bá tú síta. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kíákíá, ti àtijọ́ àti ti òní, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà. Ẹ má gba ẹ̀bi lẹ́nu, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í náwó rẹpẹtẹ kí wọ́n tó gbọ́, torí wọ́n lè fi ìyẹn kọ̀ jálẹ̀.

Àkókò kì í dúró. Ní Alberta, ọdún méjì ni èèyàn sábà ní láti pe ẹjọ́ látìgbà tó ti mọ̀ tàbí tó yẹ kó mọ̀. Bí ọdún mẹ́wàá bá sì ti kọjá látìgbà tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, ilẹ̀kùn lè tì, ì báà jẹ́ èèyàn ò mọ̀. Adájọ́ lè sún un síwájú nínú ọ̀rọ̀ àyíká, àmọ́ kì í ṣe dandan. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Alberta kọ̀ láti sún un fún Brookfield, tó fẹ́ pe Imperial Oil lẹ́jọ́ nítorí ìdọ̀tí kànga epo àtijọ́ kan. Bí ẹ ò bá mọ lọ́yà kankan, àjọ àwọn lọ́yà Alberta máa ń tọ́ka èèyàn sí lọ́yà tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìdajì wákàtí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ tọkọtaya wa. Ká ní ọjọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, páálí kan wà ní yàrá ẹ̀yìn, ìyàwó sì ní, “Bàbá Fọlákẹ́, ẹ má dà á nù o, a ò mọ ohun tó wà níbẹ̀.” Bí ìwé ọdún 1971 sí 1979 bá wà nínú rẹ̀, wọn ò tíì bọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti dà á nù, wọn ì bá máa wá ìlà kan ṣoṣo káàkiri ìlú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lè jẹ́ ilé wọn àti owó ilé-ìwé Fọlákẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ÌDÍLÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìwé tó ń wo ọdún ìbàjẹ́ àti èyí tó ń wo ọdún tí wọ́n béèrè owó? Èwo ni tiyín?
2. Kí ló wà ní ilẹ̀ tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ẹ ti ń jọ́sìn, kí ẹ tó dé ibẹ̀?
3. Níbo ni ìwé ìbánigbófò yín wà lálẹ́ òní? Ta ló tún mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yin?